Rudolf Duala Manga Bell: Ọba Douala tí ìjọba Jámánì yẹgi fún nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ, ọdún 1914, ìjọba amúnisìn Jámánì yẹgi fún ọba kan ní ìlú Douala, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Rudolf Duala Manga Bell ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Láàárín ọjọ́ méjì, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ parí, ọba sì ti wàjà.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní gbogbo ọdún tó fi bá ìjọba náà jà, ìwé ni ohun ìjà rẹ̀. Ó di àdéhùn kan mú, èyí tí bàbá bàbá rẹ̀ àti àwọn Jámánì jọ fọwọ́ sí ní 30 ọdún ṣáájú, ó sì ní kí wọ́n mú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ṣẹ.

Ìlú tó wà létí Odò Edé

Douala wà ní ibi tí odò Wouri ti ń ṣàn wọ inú òkun. Àwọn Potogí tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ dé ibẹ̀ rí edé rẹpẹtẹ nínú omi náà, wọ́n sì sọ odò ọ̀hún ní Rio dos Camarões, ìyẹn Odò Edé. Láti inú orúkọ yẹn ni orúkọ Kamẹrúùnù ti jáde.

Oníṣòwò ni àwọn ọmọ Duala tó ni ìlú náà. Àwọn ni alágbàtà láàárín àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ àti àwọn ẹ̀yà tó wà ní ìgbèríko. Ní ayé òwò ẹrú, wọ́n ta ẹrú. Nígbà tí òwò ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀, epo pupa, èkùrọ́ àti eyín erin ni wọ́n ń kó wá sí etí omi. Ẹni tó bá mọ ìtàn Bonny, Calabar tàbí Èkó láyé ìgbà náà yóò mọ irú ìlú tí Douala jẹ́.

Ìdílé Bell àti ìdílé Akwa ló lókìkí jù lọ láàárín àwọn ìdílé ọba tó wà níbẹ̀. Àwọn ará Deido ní olórí tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Bonaberi tó wà ní òdìkejì odò. Àwọn ìdílé wọ̀nyí máa ń figa gbága lórí òwò, èyí sì ṣe pàtàkì nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Àdéhùn ọdún 1884

Ní oṣù Keje, ọdún 1884, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, ń fi ọkọ̀ ogun rìn ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà, ó ta àsíá Jámánì ní Togo. Kí ó tó gúnlẹ̀ sí Douala, àwọn oníṣòwò Jámánì láti ilé iṣẹ́ Woermann àti Jantzen & Thormählen ti bá àwọn ọba ibẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Ní ọjọ́ 12, Ọba Ndumbe Lobe Bell àti Ọba Dika Mpondo Akwa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ní ọjọ́ 14, Nachtigal ta àsíá. Nígbà tí Edward Hewett, kọ́ńsùlù Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ gba ibẹ̀ fún ọbabìnrin tirẹ̀, fi máa dé ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Nachtigal yìí kan náà ló dé ilẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1885, tó sì bá Amapetu ti Mahin ṣe àdéhùn ní etíkun Ìlàjẹ. Láìpẹ́ ni Jámánì gbé ibẹ̀ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ká ní kò rí bẹ́ẹ̀ ni, bóyá àwọn kan lára ọmọ Yorùbá ìbá ti wà lábẹ́ àsíá kan náà pẹ̀lú àwọn ará Douala.

Nínú ìwé Douala, àwọn ọba gbé agbára ìjọba, òfin àti àkóso lé àwọn Jámánì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ sí i láìní májẹ̀mú. Wọ́n ní ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ń dáko sí àti ilẹ̀ tí ìlú wọn dúró lé lórí gbọ́dọ̀ máa jẹ́ ti àwọn tó ni ín, àti ti àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún àṣà ìlú. Wọ́n tún béèrè pé kí àwọn òyìnbó má ṣe ré wọn kọjá lọ bá àwọn ará ìgbèríko ṣòwò.

Kum'a Mbape, olórí Bonaberi tí àwọn òyìnbó ń pè ní Lock Priso, kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì dé láti fi ipá paná rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì dáná sun ìlú rẹ̀.

Májẹ̀mú òwò ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ Jámánì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìgbèríko lọ fúnra wọn, iṣẹ́ alágbàtà sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Duala. Wọ́n wá yíjú sí ilẹ̀. Àwọn kan dá oko kòkó, àwọn mìíràn kọ́ ilé sí àárín ìlú, wọ́n ń gba owó ilé. Bí òwò ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ etí odò náà di ọrọ̀ kan ṣoṣo tó dá wọn lójú.

Ọmọ ọba ní ilé ẹ̀kọ́ Jámánì

Ọdún 1873 ni wọ́n bí Rudolf Duala Manga Bell. Ọmọ ọdún 11 péré ni nígbà tí bàbá bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé náà. Lẹ́yìn tó ka ìwé díẹ̀ nílé, wọ́n rán an lọ sí Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1891. Ìlú Aalen, ní gúúsù ilẹ̀ náà, ló gbé lọ́dọ̀ ìdílé olùkọ́ kan. Ó tún lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ìlú Ulm tí kò jìnnà síbẹ̀. Ó gbọ́ èdè Jámánì bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, ó sì mọ ìṣe wọn.

Ilẹ̀ tí ó gbé yìí ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ń bá àwọn ìránṣẹ́ ọba fa ọ̀rọ̀ lórí owó ìlú. Ó ní ìwé ìròyìn tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba, ó sì ní ilé ẹjọ́ tí ará ìlú lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ilé aṣòfin àti ìwé ìròyìn wọ̀nyí ni Manga Bell lò nígbà tí ìjà dé.

Ó padà sílé ní ọdún 1896, ó sì fẹ́ Emily Engome Dayas, ọmọ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Duala. Nígbà tí bàbá bàbá rẹ̀ wàjà, bàbá rẹ̀, Manga Ndumbe Bell, jọba. Ọba yìí rìnrìn àjò lọ sí Jámánì ní ọdún 1902 láti gbé ẹ̀dùn ọkàn àwọn èèyàn rẹ̀ lọ bá ìjọba. Òun náà ló kọ́ ààfin tí wọ́n ń pè ní La Pagode ní ọdún 1905. Ààfin náà ṣì wà ní àdúgbò Bonanjo títí dòní.

Ní ọdún 1905 kan náà, ọba àti àwọn ìjòyè Akwa kọ ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí Jámánì nípa ìwà Gómìnà Jesko von Puttkamer. Ìjọba gómìnà náà jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ariwo ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn aṣòfin, wọ́n pe Puttkamer padà sílé, ipò náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí èyí yóò gbà pé ìwé lè ṣe ohun tí ìbọn kò lè ṣe.

Manga Ndumbe wàjà ní ọdún 1908, Rudolf sì bọ́ sórí ìtẹ́. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1910, wọ́n ṣe ayẹyẹ ìwúyè rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá àwọn Jámánì ní àkókò náà. Wọ́n ń san owó ọdọọdún fún un, òun náà sì ń bá wọn ṣe alárinà láàárín ìjọba àti ará ìlú.

Ètò láti lé àwọn onílẹ̀ kúrò

Ní ọdún 1910 náà ni ìjọba Jámánì gbé ètò tuntun kan kalẹ̀ fún Douala. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo ọmọ ilẹ̀ kúrò ní etí odò, ní Bell, Akwa àti Deido, kí wọ́n lọ tẹ̀ dó sí ìlú tuntun nínú lọ́hùn-ún. Àwọn òyìnbó nìkan ni yóò máa gbé etí odò. Láàárín àwọn méjèèjì, wọn yóò fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà kan sílẹ̀ lófìfo, tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé sí.

Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé nítorí ìlera ni. Wọ́n ní ẹ̀fọn ń gbé ibà láti ara àwọn aláwọ̀ dúdú lọ sí ara àwọn òyìnbó, àti pé ó yẹ kí àyè jìnnà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n èbúté ń gbòòrò, ọkọ̀ ojú irin ti dé, owó ilẹ̀ etí odò sì ń gun òkè lójoojúmọ́. Àǹfààní gidi wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá gba ilẹ̀ náà ní ẹ̀dínwó.

Ní oṣù Kìíní, ọdún 1913, àṣẹ náà jáde. Ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 903 ni yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Owó gbà-má-bínú tí wọ́n là sílẹ̀ jẹ́ 40 pfennig lórí mítà kan níbùú lóròó. 100 pfennig ló ń jẹ́ máàkì kan, nítorí náà owó yìí kò tó ìdajì máàkì, kò sì sún mọ́ iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ náà lọ́jà.

Ìjà tí a fi ìwé jà

Láti ọdún 1911 ni àwọn ọmọ Duala ti ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Berlin. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀: àwọn ìdílé tó ti ń figa gbága láti ọjọ́ pípẹ́ pa ohùn pọ̀, wọ́n sì fi Manga Bell ṣe agbẹnusọ. Ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Wọ́n ní àdéhùn ọdún 1884 sọ pé ilẹ̀ ìlú jẹ́ ti àwọn àti ti ọmọ wọn.

Ìjọba fèsì pé agbára àṣẹ tí àwọn ọba gbé lé Jámánì lọ́wọ́ nínú ìwé kan náà ló fún ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti gba ilẹ̀. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, apá ìwé tó fún Jámánì ní agbára ni wọ́n kà, wọ́n sì pa èyí tó dáàbò bo onílẹ̀ tì. Nígbà tí Wilhelm Solf, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ àmúnisìn, ṣàbẹ̀wò sí Douala ní ọdún 1913, wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ náà síwájú rẹ̀. Kò yí ìpinnu padà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìjọba rọ Manga Bell lóyè, wọ́n sì dá owó 3,000 máàkì tí wọ́n ń san fún un lọ́dún dúró. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá lé àwọn èèyàn Bell kúrò ní òkè Joss, níbi tí ìdílé rẹ̀ ti ń gbé láti ìran dé ìran. Ibi tí wọ́n kó wọn lọ ni wọ́n sọ ní New-Bell.

Àwọn ọmọ Duala kò ní àṣẹ láti jáde kúrò nílùú lọ fẹjọ́ sùn. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1914, Manga Bell rán akọ̀wé rẹ̀, Adolf Ngoso Din, lọ sí Jámánì ní bòókẹ́lẹ́. Ngoso Din dé Berlin, ó gba agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Halpert, ó sì wá àwọn akọ̀ròyìn àti aṣòfin tó lè gbọ́ ẹjọ́ wọn rí. Iṣẹ́ náà so èso. Ní oṣù Kẹta, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń rí sí ètò ìnáwó ní kí wọ́n dá ètò gbígba ilẹ̀ náà dúró ná, kí ìjọba sì wá ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí bírí. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì láti Fumban, ààfin Ọba Njoya ti Bamum, ọba tí ayé mọ̀ fún ọgbọ́n ọ̀nà ìkọ̀wé tó dá sílẹ̀ fún èdè rẹ̀. Wọ́n ní ìránṣẹ́ Manga Bell wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti wá àtìlẹ́yìn lòdì sí Jámánì. Njoya sọ ọ́ fún míṣọ́nnárì tó wà nílùú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dé etí ìjọba. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan Manga Bell pé ó ń bá àwọn ọba mìíràn àti àwọn ará òkèèrè sọ̀rọ̀ láti lé Jámánì kúrò.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún, ọdún 1914, wọ́n mú un. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n mú Ngoso Din náà ní Berlin, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e padà sí Kamẹrúùnù. Nígbà tí ìjọba gbé ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ síwájú àwọn aṣòfin, ọ̀pọ̀ nínú wọn padà lẹ́yìn àwọn ọmọ Duala. Ètò gbígba ilẹ̀ sì tẹ̀síwájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Ẹ̀rù ogun ba àwọn Jámánì tó wà ní Douala, nítorí Gẹ̀ẹ́sì wà ní Nàìjíríà, Faransé sì wà ní apá kejì. Ní ọjọ́ 7, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ Manga Bell àti Ngoso Din, wọ́n sì dá ẹjọ́ ikú fún wọn ní ọjọ́ náà gan-an. Àwọn agbẹjọ́rò tó yẹ kó gbèjà wọn láti Jámánì kò sí níbẹ̀.

Àwọn míṣọ́nnárì, títí kan bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Kátólíìkì, Heinrich Vieter, bẹ Gómìnà Karl Ebermaier pé kó dá ẹ̀mí wọn sí. Kò gbà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yẹgi fún àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ kan náà, ní ìlú Ebolowa, wọ́n yìnbọn pa Martin-Paul Samba, ọmọ Bulu tó ti kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ àwọn Jámánì, lórí irú ẹ̀sùn kan náà.

Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń jiyàn lórí bí Manga Bell ṣe bá àwọn ọba mìíràn sọ̀rọ̀ tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹnu kò sí ni pé ẹjọ́ náà kò ní òdodo nínú, àti pé ìpànìyàn tí wọ́n fi aṣọ òfin bò ni.

Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀

Oṣù méjì kò pé tí Jámánì fi pàdánù ìlú tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pa ọba. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1914, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tẹ Douala. Àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà wà lára àwọn tó jagun náà. Lẹ́yìn ogun, àwọn aṣẹ́gun pín Kamẹrúùnù. Faransé mú èyí tó pọ̀ jù, Douala sì wà nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mú apá tó kàn Nàìjíríà, wọ́n sì ń ṣàkóso rẹ̀ mọ́ Nàìjíríà títí di ọdún 1961.

Ilẹ̀ òkè Joss kò padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Àwọn ọmọ Duala tún mú gègé, wọ́n ń kọ̀wé sí Faransé àti sí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó fìdí kalẹ̀ sí Geneva. Ní ọdún 1929, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àjọ náà pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa ṣe ìjọba ara wọn. Ìjà orí ilẹ̀ ti di ìjà orí òmìnira.

Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1913 kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 1920, òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ lọ sí London, nígbà tó sì di ọdún 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ àmúnisìn Gẹ̀ẹ́sì dá a láre pé ilẹ̀ ìdílé ní olówó, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó tó tọ́. Ìwé ni Olúwa náà fi jà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Olúwa rí ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dé òpin. Ní Kamẹrúùnù, kò sí ilé ẹjọ́ tí aláwọ̀ dúdú lè pe ìjọba Jámánì sí. Ilé aṣòfin nìkan ni Manga Bell ní, nígbà tí ìyẹn sì kẹ̀yìn sí i, kò sí ibòmíràn tó kù.

Ní ọdún 1936, àwọn èèyàn rẹ̀ hú òkú rẹ̀, wọ́n sì tún un sin sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ọba. Ọmọ rẹ̀, Alexandre Douala Manga Bell, di aṣojú Kamẹrúùnù ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ó rí ọjọ́ òmìnira ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 1960, kó tó di olóògbé ní ọdún 1966.

Lónìí, New-Bell jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò tí èrò pọ̀ sí jù ní Douala, ọ̀pọ̀ àjèjì láti ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló sì ti fibẹ̀ ṣe ilé. Bonanjo, tí wọ́n ti lé àwọn Bell kúrò, ni ọ́fíìsì ìjọba àti báńkì kún.

Àwọn ọmọ ìdílé ọba náà àti àwọn alátìlẹ́yìn wọn ti ń béèrè pé kí ìjọba Jámánì fagi lé ẹjọ́ ọdún 1914. Ní ọdún 2022, ìlú Ulm tó ti kàwé fi orúkọ rẹ̀ sọ gbàgede kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Berlin ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ní àdúgbò tí wọ́n ti fi orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà sọ ọ̀pọ̀ òpópónà. Gbàgede tí wọ́n fún òun àti Emily, ìyàwó rẹ̀, ti ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀. Gustav Nachtigal ni ẹni náà, òun tó ta àsíá ní Douala ní ọdún 1884.